Ọkọ̀ Ojú Irin Tó Ń Bọ̀ Láti Ìlọrin

Ariwo ni mo ń retí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé mi wá ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ tó wà lẹ́yìn ìlú Abẹ́òkúta, àwọn ológun ló ṣì wà lórí oyè, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múra láti gbé ìjọba fún àwọn olóṣèlú ni. Ìyá mi ní Aké ti sunkún díẹ̀ kí n tó kúrò nílé. Ó ní nínú gbogbo ọsibítù tó wà ní Nàìjíríà, ṣé ti àwọn wèrè nìkan ni wọ́n rí fún ọmọ òun. Mi ò jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba èmi náà. Mo ti rò pé màá bá ẹni tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè, màá sì bá ẹni tó ń lé ènìyàn kiri.

Kùrukùru ni mo bá. Ó bo ọgbà náà débi pé orí àwọn igi máńgòrò nìkan ló yọ. Nínú kùrukùru yẹn, àwọn ọkùnrin kan ń gbálẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọn ò sọ̀rọ̀, àfi bí ẹni pé wọn ò fẹ́ jí ilẹ̀ lójú oorun. Màmá Ṣówùnmí, tó jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì obìnrin, ló wá pàdé mi. Obìnrin kúkúrú ni, ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, bàtà rẹ̀ kì í sì í dún nílẹ̀.

Mo ní, "Màmá, ibí yìí mà dákẹ́."

Ó ní, "Ó máa ń dákẹ́. Ẹni tó ń pariwo kì í dẹ́rù bà mí, ọmọ mi, torí ó ti sọ tiẹ̀. Ẹni tó dákẹ́ ni mo máa ń ṣọ́."

Àárẹ̀ ọkàn ni Màmá Ṣówùnmí máa ń pe púpọ̀ nínú ohun tí à ń tọ́jú. Ó ní wèrè ni àwọn ará ìta ń pe gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ń já sí ọjà ní ìhòòhò kò tó nǹkan lára wọn. Àwọn tó pọ̀ jù ni ẹni tí ìbànújẹ́ wọ̀ lára tí kò jáde mọ́, ẹni tí àyà rẹ̀ ń já láìsí ohun tó ń lé e, àti ẹni tí inú rẹ̀ dùn kọjá ààlà tó fi ń bọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Wọ́n lè jókòó tì ọ́ nínú ọkọ̀ kí o má mọ̀.

Bàbá káfíńtà kan wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà tí àyà máa ń já báyẹn. Kò rí oorun sùn fún ìgbà pípẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Láràárọ̀ ló máa ń bi mí pé, "Sístà, kí lẹ lá?" Ó ní àlá tòun ti sá lọ, òun ń yá ti àwọn ẹlòmíràn lò kí ó tó padà. Mo máa ń sọ àlá mi fún un, á mi orí, á sì padà sídìí pákó rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mi ò lá nǹkan kan, mo bá hun ọ̀kan fún un. Mo ní mo ń fò lókè Olúmọ, gbogbo òrùlé páànù Ẹ̀gbá sì ń dán nísàlẹ̀ mi. Ó wo ojú mi dáadáa.

Ó ní, "Ẹ ò lá a. Ẹni tó bá fò lójú àlá kì í jí pẹ̀lú ojú pípọ́n báyìí. Ẹ lọ sùn."

Màmá Ṣówùnmí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún mi pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, torí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàárẹ̀ máa ń gbọ́ irọ́ kí ènìyàn tó pa á tán.

Kì í ṣe inú ọgbà ọsibítù nìkan ni a ti ń tọ́jú wọn. Àwọn abúlé wà nítòsí tí àwọn àgbẹ̀ ti ń yá wa ní yàrá. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá le jù á máa gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀ tàbí ìyàwó rẹ̀, á máa jẹun ilé, á máa gbọ́ igbe adìyẹ, á sì wá gba oògùn lọ́dọ̀ wa láàárọ̀. Èmi ni wọ́n fi sí ọ̀kan nínú àwọn abúlé yẹn. Mo máa ń rin ọ̀nà oko lọ pẹ̀lú àpò mi, ìrì á rin mí dé orúnkún, nígbà míì á sì dà bí ẹni pé oorun ni mo ṣì ń sùn, pé ẹsẹ̀ mi nìkan ló jí.

Àsìkò ọyẹ́ ni wọ́n gbé Ràmọ́tà wá. Ọkọ rẹ̀ Mùfútáù, tó ń ta aṣọ ní Ìtòkú, di ọwọ́ rẹ̀ kan mú. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Alhájà, gbé ọmọ ìkókó pọ̀n. Ẹgbẹ́ mi ni Ràmọ́tà. Aláró ni ìyá tó bí i, òun náà sì kọ́ iṣẹ́ náà. Aró ṣì wà ní ìdí èékánná rẹ̀. Kò jẹun, kò sùn, kì í sì í gba ọmọ mọ́ra. Tí wọ́n bá gbé e lé e lẹ́sẹ̀, á wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó bá wọn ṣọ́ ẹrù nínú ọkọ̀.

Alhájà ní, "Dókítà, àbísínwín ni. A ti rí irú ẹ̀ rí. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó ṣe é."

Dókítà wa kì í yára dáhùn. Ó ní, "Alhájà, kò sí ẹni tó ṣe é. Bí ibà ṣe ń mú ara ni èyí ṣe ń mú ọkàn. Obìnrin tó bá bímọ ti pàdánù ẹ̀jẹ̀, ara rẹ̀ ń yí padà, kò rí oorun sùn. Tí ìbànújẹ́ kan bá wá bá irú ara bẹ́ẹ̀, ó lè wó o. Ǹjẹ́ ìbànújẹ́ kankan wáyé nílé?"

Alhájà ní, "Rárá o. Ayọ̀ ni."

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́, tó bí i?"

Alhájà wo Ràmọ́tà tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ó wà ní ìrìnàjò," ló wí.

Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó tẹ̀lé ìbímọ ni dókítà pè é. Ó fún un ní oògùn oníhóró, ó sì sọ fún wa pé oògùn náà kì í yára, pé ẹnu á máa gbẹ ẹ, á sì tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí a tó rí ìyàtọ̀. Ilé Ìyá Ẹfúnbùnmi ni a fi wọ́n sí ní abúlé. Olórìṣà ni Ìyá Ẹfúnbùnmi, aṣọ funfun nìkan ló máa ń wọ̀, igbá ẹfun rẹ̀ sì wà ní kọ̀rọ̀ ilé. Nígbà tí Alhájà rí i, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Sístà, ṣé inú ilé báyìí ni èmi tí mo ti dé Mẹ́kà máa kírun sí?"

Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí mo fi bá àwọn méjèèjì nídìí ààrò kan náà, tí Ìyá Ẹfúnbùnmi ń fi igi lé adìyẹ kúrò lórí ẹní ìrun Alhájà. Ó ní, "Ẹ máa jókòó wò wọ́n. Ṣé wọ́n mọ̀ pé Ọlọ́run lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ ni?"

Ọmọ náà ń mu wàrà inú ìgò, Alhájà ló ń fún un. Ṣùgbọ́n kò mú un sanra. Mùfútáù ní àbúrò òun obìnrin tó wà ní Papalanto ṣẹ̀ṣẹ̀ já ọmọ lẹ́nu ọmú, àwọn máa gbé ọmọ fún un. Mo mọ̀ pé tí ọmọ náà bá lọ, ó lè má padà sọ́wọ́ ìyá rẹ̀ mọ́. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún wa láyè díẹ̀ sí i.

Ohun kan wà tí mo ń rí tí kò yé mi. "Ìyá Yétúndé" ni gbogbo wa ń pe Ràmọ́tà, bí a ṣe máa ń fi orúkọ ọmọ pe ìyá. Kì í dáhùn. A rò pé àìsàn náà ni. Ní ọjọ́ kan tí mo ń ka oògùn sí i lọ́wọ́, mo pè é bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ sì pa dé bí ilẹ̀kùn.

Mo ní, "Kí lẹ fẹ́ kí n máa pè yín?"

Ó ní, "Ràmọ́tà ni orúkọ mi."

Láti ọjọ́ yẹn, Ràmọ́tà ni mo ń pè é, ó sì ń dá mi lóhùn. Mo sọ ọ́ fún Màmá Ṣówùnmí. Ó ní kí n má bi í léèrè, kí n kàn máa jókòó tì í.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo dé abúlé, mo bá ènìyàn lójúde. Ràmọ́tà ti jáde nígbà tí Alhájà ń kírun. Àwọn ọkùnrin ti gba ọ̀nà odò Ògùn lọ. Alhájà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé ọmọ mọ́yà, tèsúbà rẹ̀ já sílẹ̀, kò sì ṣà á.

Ìyá Ẹfúnbùnmi dì mí lápá. Ó ní, "Mo rí i nígbà tó ń wẹ̀. Ó kun àtíkè, ó wé gèlè. Mo rò pé ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀. Sístà, ẹni tó múra báyẹn, ó fẹ́ pàdé ẹnìkan ni."

Mo sáré dé oríta. Awakọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń pe èrò. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, obìnrin kan tó wé gèlè aláró béèrè lọ́wọ́ òun bóyá ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ láti Ìlọrin ti dé, ọkọ̀ tó ṣíwájú tòun ló sì gbé e lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin ní Láfẹ́nwá.

Ibẹ̀ ni mo ti bá a. Ọyẹ́ ti sọ gbogbo nǹkan di àwọ̀ eérú: àwọn ojú irin náà lọ síwájú díẹ̀, wọ́n sì yọ́ sínú òfuurufú. Ràmọ́tà jókòó lórí bẹ́ńṣì pákó, ó ká ọwọ́ lé ẹsẹ̀, ó jókòó dáadáa bí ọmọ tí wọ́n wọ láṣọ ọdún. Mo jókòó tì í. Mo ti fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú kí n sọ pé ó yá, jẹ́ ká lọ. Àmọ́ ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí i pé ó fẹ́ nǹkan kan.

"Ta lò ń dúró dè, Ràmọ́tà?"

"Màmá mi. Wọ́n lọ sí Ìlọrin lọ́dọ̀ àbúrò wọn."

"Ìgbà wo ni wọ́n lọ?"

"Nígbà tí oyún mi wọ oṣù kẹjọ. Alhájà ló sọ fún mi. Wọn ò wá nígbà tí mo bímọ. Wọn ò wá síbi ìsọmọlórúkọ. Àfáà pe ọmọ ní Sìdíkátù. Lẹ́yìn náà ni bàbá àgbà kan láti ilé wa ní kí wọ́n máa pè é ní Yétúndé. Gbogbo ènìyàn ṣe àmín. Kò sẹ́ni tó wò mí lójú."

Ìyá tó kú tó tún padà wá gẹ́gẹ́ bí ọmọ ni à ń pè ní Yétúndé. Bí wọ́n ṣe túfọ̀ fún un nìyẹn, láàárín oyin àti iyọ̀.

Ó ní, "Mo fẹ́ sunkún. Alhájà ní kì í ṣe ọjọ́ ẹkún, pé omi ọmú á bàjẹ́. Sístà, mi ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni pé wọ́n kú. Tí wọn ò bá kú ńkọ́?"

Ọkọ̀ ojú irin náà dé. A kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà ni orí rẹ̀ yọ láti inú ọyẹ́, ó ń mí bí ẹran ńlá. Àwọn èrò ń sọ̀ kalẹ̀: àwọn Gàm̀bàrí pẹ̀lú àpò àlùbọ́sà, obìnrin tó gbé iṣu lé orí, bàbá tó fa ewúrẹ́ méjì. Ràmọ́tà ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá àgbàlagbà kan sọ̀ kalẹ̀ tó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó wọ ìró aláró. Ràmọ́tà dìde. Obìnrin náà yíjú, ó wò wá, ó kí wa, ó sì gba ibi tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ọkọ̀ fọn fèrè, ó kọjá lọ sí ọ̀nà Èkó. Ibẹ̀ dá, ó ku ọkùnrin kan tó ń gbá èèpo ọsàn.

Ó ní, "Sístà, ẹ sọ fún mi."

Kò sí ẹni tó kọ́ mi ní ohun tí mo máa sọ. Mo ní, "Mi ò mọ̀, Ràmọ́tà. Kò sẹ́ni tó sọ fún èmi náà. Ṣùgbọ́n mo rò pé wọ́n ti kú."

Ẹkún náà kò yára jáde. Nígbà tí Ràmọ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í sun ún, ó sun ún sí èjìká mi títí aṣọ iṣẹ́ mi fi rin. Ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ bu omi wá fún wa nínú ife, ó gbé e kalẹ̀, ó sì yẹra.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Alhájà sọ òtítọ́ níwájú dókítà, lójú Ràmọ́tà fúnra rẹ̀. Ó ní ìyá Ràmọ́tà ṣubú lẹ́bàá ìkòkò aró rẹ̀, kò sì dìde mọ́. Wọ́n fi pa mọ́ fún un kí oyún má baà bàjẹ́, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Dókítà kò bá wọn wí. Ó ní ó mọ̀ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀fọ̀ tí a kò jẹ́ kí ènìyàn ṣe kì í lọ ibì kankan, inú ara ló máa ń gbé.

Ràmọ́tà béèrè ohun kan ṣoṣo. Ó ní, "Ta ló wẹ̀ wọ́n?"

Alhájà ní, "Èmi ni. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni. Mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ wọ́n, mo sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń wẹ̀ wọ́n."

Ràmọ́tà na ọwọ́, ó di ọwọ́ Alhájà mú, ó sì ń wò ó.

Mi ò ní sọ pé ẹkún ọjọ́ kan ló wò ó sàn. Àwọn tó ń sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò ṣe iṣẹ́ yìí rí. Ó lo oògùn rẹ̀ kọjá ìgbà tí òjò dé. Wọ́n mú un lọ sí ibojì ìyá rẹ̀, àfáà ṣàdúà, ó sì padà dé tó sùn bí òkúta. Àwọn ọjọ́ kan wà tó tún kọ ojú sí ògiri, tí Alhájà á wo ojú mi bí ẹni tí mo rẹ́ jẹ. Màmá Ṣówùnmí á ní kí n fi í sílẹ̀, pé ẹni tó bá ń gun òkè máa ń jókòó sinmi. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò lọ sí Papalanto. Nígbà tí àgbàdo ti ga tó ènìyàn, mo dé abúlé láàárọ̀, mo bá Ràmọ́tà tó ń wẹ ọmọ nínú ọpọ́n, ó ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́.

Mo ní, "Orúkọ tuntun nìyẹn."

Ó ní, "Oríkì ni. Èmi ni mo fún un. Sístà, màmá mi ni màmá mi. Ọmọ mi ni èyí."

Wọ́n padà sí Ìtòkú kí àgbàdo tó gbó. Ìyá Ẹfúnbùnmi sin wọ́n dé oríta, ó ru ẹní ìrun Alhájà lórí.

Ọdún mélòó kan kọjá, àwọn ológun sì ti tún padà gba ìjọba, nígbà tí Mùfútáù wá bá mi ní wọ́ọ̀dù. Ó ti rù. Ó ní Ràmọ́tà tún lóyún, ó ti wọ oṣù keje, ó sì wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ní ọ̀nà Alábàtà kó lè sinmi. Alhájà ti kú lánàá, wọ́n sì ti sin ín. Àwọn àgbà ilé pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ fún un kó tó bímọ.

Ó ní, "Sístà, ẹ bá mi ronú sí i. Mi ò mọ èyí tí mo máa ṣe."

Mo ní, "Ẹ̀yin ni ọkọ rẹ̀. Èmi á tẹ̀ lé yín, ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́."

A dé ibẹ̀ lẹ́yìn ìrun àsárì. Ràmọ́tà ń ṣa ẹ̀wà ní ìdí ògiri. Ó rí ọkọ rẹ̀, ó rí mi lẹ́yìn rẹ̀, ó sì gbé atẹ sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹ sọ ọ́."

Mùfútáù jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Alhájà ti kú, Ràmọ́tà. Àná ni. Wọ́n ní orí ń fọ́ wọn láàárọ̀, nígbà tó fi máa di ọ̀sán, wọ́n ti lọ."

Ó di inú rẹ̀ mú. Ó béèrè ẹni tó wà lọ́dọ̀ wọn, bóyá wọ́n mu omi, ta ló wẹ̀ wọ́n. Mùfútáù ń dá a lóhùn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kò fo ìkankan. Ó wá béèrè bóyá wọ́n dárúkọ òun.

Mùfútáù ní, "Wọ́n dárúkọ rẹ. Ìyẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kẹ́yìn fún mi. Wọ́n ní bí àwọn bá lọ, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọ pé àwọn rìnrìnàjò."

Nígbà náà ló sunkún. Ó fi orí lé ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sunkún sókè, àwọn ará ilé sì jáde wá láti pa á lẹ́nu mọ́. Mo na ọwọ́ sí wọn pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Oyún náà kò bàjẹ́. Ó bí ọmọkùnrin ní oṣù rẹ̀, ó sì fún un lọ́mú fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ò tíì mọ̀ nígbà náà. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni pé oòrùn ti ń rọ̀, pé ó jẹ ẹ̀kọ díẹ̀, ó mu omi, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí ẹní. Mo jókòó tì í, mo ń gbọ́ mímí rẹ̀ títí ó fi sùn. Oorun gidi ni. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti ìdákẹ́jẹ́, mo mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ mi ni.